Másítà ìdájọ́ ọ̀daràn àti ọgbà àtúnṣe ní Àbújá àti Òkè Ọya: èyí tó tó owó ẹ̀, èyí tí kò tó

Ẹni tó bá ń wá másítà tí wọ́n kọ "ìdájọ́ ọ̀daràn àti iṣẹ́ àtúnṣe" gàdàgbà sí iwájú rẹ̀ ní àwọn yunifásítì Òkè Ọya yóò wá a títí, kò sì ní tètè rí i. Ẹ̀kọ́ náà wà o, abẹ́ orúkọ mìíràn ló wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀ka Sociology ló ń kọ́ ọ ní orúkọ Criminology. Níbòmíràn, ẹ̀ka òfin ló fi í sínú LL.M., ìyẹn másítà òfin. Àwọn kan sì ti dà á pọ̀ mọ́ Security Studies, débi pé ọ̀rọ̀ agbésùnmọ̀mí àti ajínigbé ló gba gbogbo àyè, tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n kò sì ju kóòsì kan lọ.

A ò ní to ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ká máa fún wọn ní máàkì. Oríṣi ẹ̀kọ́ mẹ́rin tó wà lọ́jà fún ẹni tó ń gbé Àbújá, Kàdúná, Kánò, Jos tàbí Ìlọrin la gbé sórí ìwọ̀n. Àwọn tí a ní lọ́kàn ni wọ́dà tó fẹ́ mọ̀ ju kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí ẹjọ́, lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ ọ̀daràn, àti òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú tó ń wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje ní Àbújá tàbí Kurmawa ní Kánò déédéé. Ìdájọ́ wa kò lọ́ra: ẹ̀kọ́ tí kò bá mú yín kọjá géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n kí ẹ tó gboyè, ìwé òfin tí ẹ lè rà lọ́jà ni wọ́n ń tà fún yín ní owó gọbọi.

Ìwé kóòsì ṣáájú orúkọ ilé-ẹ̀kọ́

Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ bá akọ̀wé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ ní ẹ fẹ́ rí ìwé tó to àwọn kóòsì lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní kò sí, tàbí tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó ná, ẹ ti rí ìdáhùn. Bí ó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ibi òfin ọgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Òfin Nigerian Correctional Service ti 2019 ti fagi lé Prisons Act àtijọ́, èyí tó jẹ́ Cap P29 nínú àkójọ òfin 2004. Ìwé kóòsì tó bá ṣì ń tọ́ka sí Cap P29 bí ẹni pé òun ló wà lóde, nóòtì tó ti pọ́n lójú ni wọ́n fẹ́ kà sí yín létí.

Òfin tuntun yẹn ju ọ̀dà tí wọ́n fi kun pátákó ara géètì lọ. Ó pín iṣẹ́ àjọ náà sí méjì: apá tó ń bójú tó àwọn tó wà nínú àhámọ́, àti apá tó ń bójú tó àwọn tó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn láti ìta, bóyá nípa iṣẹ́ ìlú, ìṣọ́ni, ìdásílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn tàbí ìlàjà láàárín ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Abala 12 fún Kọ̀ǹtírólà ìpínlẹ̀, ìyẹn olórí àjọ náà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀gá ọgbà lágbára láti má gba ẹlẹ́wọ̀n tuntun wọlé nígbà tí ọgbà bá ti kún. Abala kan náà ló sọ pé ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún, tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ ti parí pátápátá, tí ọdún 10 sì ti kọjá láìjẹ́ pé wọ́n pa á, adájọ́ àgbà lè sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére fún un. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí abala yìí nìkan, nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè gidi wà. Ọ̀gá ọgbà wo ló máa da ẹni tí adájọ́ fi wáráǹtì ránṣẹ́ padà? Ibo sì ni ọlọ́pàá tó gbé e wá yóò gbé e lọ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́?

Ní 2023, àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa mú ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan; àwọn ìpínlẹ̀ náà ti lè dá tiwọn sílẹ̀. Kóòsì tí kò bá mẹ́nu bà á ti gbó.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó, ẹ fara balẹ̀ síbí. Criminal Code, ìwé òfin ọ̀daràn tí ẹ mọ̀, kọ́ ni wọ́n ń lò ní Òkè Ọya àti Àbújá. Penal Code ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, 1960. Ẹ̀sùn ìpànìyàn tí ẹ mọ̀ sí abala 316 ní ìsàlẹ̀, abala 221 ni ẹ ó ti bá a níhìn-ín, ọ̀nà tí wọ́n gbà pín in sì yàtọ̀. Láti 2000 síwájú, ìpínlẹ̀ 12 ló ti fi òfin Ṣàríà kún un fún ẹ̀sùn ọ̀daràn, Kàdúná sì tún ṣe Penal Code tirẹ̀ ní 2017. Ẹlẹ́wọ̀n mẹ́ta lè sùn sí yàrá kan ní Kánò kó jẹ́ pé òfin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé wọn débẹ̀: oògùn olóró lábẹ́ òfin àpapọ̀, olè jíjà lábẹ́ Penal Code, ẹ̀sùn kẹta láti ilé-ẹjọ́ Ṣàríà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí yóò ka wọ́n pọ̀ nínú tábìlì kan náà, àbájáde ìwádìí rẹ̀ á sì daru láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ACJA 2015 (Administration of Criminal Justice Act), òfin tó sọ bí ẹjọ́ ọ̀daràn ṣe gbọ́dọ̀ máa lọ. Abala 296 sọ pé bí ilé-ẹjọ́ bá ní kí wọ́n fi afurasí sí àhámọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ ní ìgbà àkọ́kọ́, kí wọ́n sì tó fi kún un, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un gbọ́dọ̀ wá ṣàlàyé. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa ni ìdájọ́ wọn kò tíì parí. Ẹ̀kọ́ tó dára máa ń tọ ìdí rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: fáìlì tó wà lọ́dọ̀ DPP, ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè, ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwádìí tí wọ́n ti gbé lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹjọ́ ìpànìyàn tí wọ́n gbé wá síwájú májísíréètì tí kò ní àṣẹ láti gbọ́ ọ, ọkọ̀ ọgbà tí kò lọ sí ilé-ẹjọ́ lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ tó bá ka abala 296 fún yín, tí kò fi bí ọjọ́ 14 ṣe ń di ọdún mẹ́rin hàn yín, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń tú olùkọ́ fó: báwo ló ṣe máa ń kọ́ ọ̀rọ̀ Kuje ti oṣù Keje 2022 àti Suleja ti oṣù Kẹrin 2024? Ní Kuje, àwọn agbébọn ló ya wọ ọgbà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sì sá lọ. Ní Suleja, òjò ló wó ògiri, àwọn tó jáde sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí gbogbo àlàyé rẹ̀ bá parí sórí ìbọn àti ọmọ ogun, Security Studies ló mọ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ orí ilé, iye èèyàn tí wọ́n kọ́ ọ fún, àti ìdí tí afurasí agbésùnmọ̀mí fi wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú ẹni tó jí fóònù, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó yẹ kí ẹ bá jáde

Àbá èrò lórí ìdí tí èèyàn fi ń dẹ́ṣẹ̀ pọ̀ nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, ilé-ẹ̀kọ́ wa kì í sì í kùnà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kùnà ni iṣẹ́ ọwọ́. Méjì ló ṣe kókó.

Àkọ́kọ́ ni ìṣirò ọjọ́ ìdásílẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọdún ẹ̀wọ̀n kì í pé oṣù 12, torí pé ìdẹ̀ra ìdámẹ́ta fún ìwà rere ló sọ ọ́ di oṣù 8. Ẹ wá wo ẹjọ́ bí irú èyí: wọ́n mú ọkùnrin kan ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, 2022, wọn kò sì fún un ní béèlì. Wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, 2023. Tí a bá yọ ìdámẹ́ta, oṣù 24 ló kù. Bí adájọ́ bá kọ ọ́ sínú wáráǹtì pé kí wọ́n kà á láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un, oṣù Kẹsàn-án 2024 ló ń lọ sílé. Bí wáráǹtì bá dákẹ́, tí òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìdájọ́, ó di oṣù Kẹta 2025. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló jẹ oṣù 6 nínú ayé ọkùnrin náà, bẹ́ẹ̀ ACJA ti sọ pé kí adájọ́ ka àkókò tí èèyàn ti lò nínú àhámọ́ mọ́ ìjìyà rẹ̀. Ẹ wá fi ẹ̀sùn méjì kún un, tí wọn kò sọ bóyá kí ìjìyà wọn máa lọ pọ̀ tàbí kí ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì; ẹ tún fi owó ìtanràn tí ẹbí san ìdajì rẹ̀ kún un. Kíláàsì tó bá fún yín ní wáráǹtì mẹ́wàá irú èyí láti ṣírò ní sáà kan ti ṣe ju ìwé 200 ojú-ewé lọ.

Èkejì ni ìròyìn tí adájọ́ ń kà kí ó tó pinnu ìjìyà. Iṣẹ́ àwọn tó wà ní apá ìta àhámọ́ ni, ó sì ní ìlànà: ta ni ẹni náà, ta ló ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ṣé ó ti dẹ́ṣẹ̀ rí, kí ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sọ, ṣé baálé àdúgbò tàbí mai unguwa yóò gbà á padà, ìjìyà wo ló ṣeé ṣe, ta sì ni yóò máa ṣọ́ ọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ bí ẹ̀bẹ̀ lọ́yà, "olúwa mi, ẹ ṣàánú rẹ̀." Adájọ́ kò nílò ẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ yìí, àlàyé tó ṣeé yẹ̀ wò ló nílò. Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n dábàá ohun tí òfin kò gbà. Iṣẹ́ ìlú lábẹ́ ACJA kò gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 5 lọ lójúmọ́, kò sì sí fún ẹ̀sùn tó ní ohun ìjà tàbí ìfipábánilòpọ̀ nínú, tàbí èyí tí ìjìyà rẹ̀ ju ẹ̀wọ̀n ọdún 3 lọ. Ẹni tó bá dábàá gbígbálẹ̀ ọjà Wuse fún adigunjalè ti fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Àwọn ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n náà wà, ó sì dára kí wọ́n jẹ́ ohun tí ẹ lè fi wọn ọgbà kan wò lójú ara yín. Ìlànà Mandela ti 2015 ní òfin 122. Ó ní títi èèyàn mọ́ yàrá òun nìkan fún wákàtí 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, láìsí ìbáraẹnisọ̀rọ̀ gidi, ni àdágbé. Bí ó bá ju ọjọ́ 15 léraléra lọ, ó ti di èèwọ̀. Ìlànà Bangkok ti 2010 ni ti àwọn obìnrin, òun ni wọ́n sì ń fò jù.

Oríṣi mẹ́rin tó wà lọ́jà

M.Sc. ojoojúmọ́ ni ìyá gbogbo wọn. Lórí ìwé, ọdún kan sí méjì ni: kóòsì fún sáà méjì, lẹ́yìn náà àpilẹ̀kọ. Ilé-ìkàwé wà, olùkọ́ wà, ọ̀nà sí PhD sì ṣí. Ìṣòro rẹ̀ ni àkókò. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá, ẹni tó rò pé òun yóò parí lọ́dún yẹn kò parí. Bí àpilẹ̀kọ bá sì ti wọ ọdún tuntun, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún náà ń dúró dè yín. Fún ẹni tó ń gbé Àbújá, ẹ ka ọ̀nà mọ́ owó. Tí ẹ bá ń lọ Keffi, sún-kẹẹrẹ Nyanya àti Mararaba ni ẹ ó máa bá fà á láàárọ̀. Gwagwalada àti Giri sàn fún ará Lugbe àti Zuba. Zaria ṣeé lọ pẹ̀lú rélùwéè láti Idu tàbí Kubwa dé Rigasa, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ síwájú, ṣùgbọ́n kò ṣeé lọ kí ẹ bọ̀ lójoojúmọ́. Wọ́dà tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ tó sì fẹ́ gba kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀ yóò sùn lórí tábìlì; kí ó kọ́kọ́ wá ìwé ìyọ̀ǹda ìkẹ́kọ̀ọ́ láti ọ́fíìsì.

Másítà òpin ọ̀sẹ̀ ló pọ̀ jù ní Àbújá, òun la sì ṣọ́ra fún jù. Ọjọ́ Jímọ̀ ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé ni kíláàsì, ó sì bá òṣìṣẹ́ ìjọba lára mu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀nà sí PhD, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lo ìwé-ẹ̀rí. Kóòsì tó yẹ kó gba ọ̀sẹ̀ 13, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ pọ̀ sínú Sátidé mẹ́rin. Èyí tó burú jù ni pé àwọn ọ́fíìsì àti ilé-ẹjọ́ tí ó yẹ kí ẹ lọ wò kì í ṣí lọ́jọ́ kíláàsì yín, nítorí náà kò sí ẹni tó ń mú yín lọ síbì kankan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ka yunifásítì tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn ló háyà ilé alájà ní Wuse tàbí Garki, ẹ bèèrè lẹ́tà tí NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì, fi fọwọ́ sí i pé kí ẹ̀kọ́ yẹn máa wáyé níbẹ̀ gan-an. Ọ́fíìsì NUC kò jìnnà, òpópónà Aguiyi Ironsi ní Maitama ni. Ẹ rìn lọ bèèrè.

Ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn, a mọ NOUN (National Open University) tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jabi. Ohun kan mú kó yàtọ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí: NOUN ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí ẹlẹ́wọ̀n ti ń kàwé gboyè. Ó dára fún ẹni tó bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Ẹni tí kì í ka nǹkan láìjẹ́ pé olùkọ́ dúró lé e lórí, kó má bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àkójọ ẹ̀kọ́ sáà tí ẹ fẹ́ wọlé, kí ẹ sì tètè fi iṣẹ́ àṣeránṣẹ́ sílẹ̀, torí pé bí gbèdéke rẹ̀ bá ti kọjá, máàkì rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ti ilẹ̀ òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń kọ́? Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ kírẹ́díìtì 30 sí 36, ìyẹn kóòsì 10 sí 12. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kírẹ́díìtì 180, ọdún méjì fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ ó rí gbà níbẹ̀ tí ẹ kò ní rí nílé ni ilé-ìkàwé tó kún àti ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ lórí bí a ṣe ń díwọ̀n ewu pé ẹlẹ́wọ̀n kan yóò tún ṣẹ̀ lẹ́yìn ìdásílẹ̀. Ohun tí ẹ kò ní rí ni ACJA, Penal Code, wáráǹtì wa àti àwọn àṣà ilé-ẹjọ́ wa. Ẹ fojú sí aago pẹ̀lú: kíláàsì aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní New York jẹ́ aago mọ́kànlá alẹ́ ní Àbújá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì di aago méjìlá òru nígbà òtútù wọn. Dọ́là tàbí pọ́n-ùn ni owó rẹ̀, ó sì lè yí padà láàárín sáà kan sí èkejì lójú náírà. Ẹni tó ń lọ sí àjọ àgbáyé tàbí tó fẹ́ kúrò nílùú ló tọ́ sí.

Ti Cotonou, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé òun dá àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí Benin àti Togo dúró lẹ́yìn tí oníròyìn kan gba oyè láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Àpilẹ̀kọ ló ń jẹ ọdún èèyàn

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń há. Lẹ́tà ìwọlé ọgbà ni ohun àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe ohun tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí kóòsì bá parí. Inú sáà kejì kóòsì ni kí ẹ ti fi í ránṣẹ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín ló ń kọ ọ́ sí ọ̀gá àgbà Nigerian Correctional Service ní olú ilé-iṣẹ́ wọn lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ní Àbújá. Ẹ so àbá ìwádìí, ìwé ìbéèrè tí ẹ fẹ́ lò, ìwé ìdánimọ̀ àti lẹ́tà alábòójútó mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ó ń lọ sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀, láti ibẹ̀ ni yóò dé ọwọ́ ọ̀gá ọgbà. Orí tábìlì kọ̀ọ̀kan ni ó ti lè sùn. Ẹ dárúkọ ọgbà tí ẹ fẹ́ wọ̀ ní pàtó. Lẹ́tà tó ní "àwọn ọgbà tó wà ní agbègbè Àbújá" yóò padà wá pẹ̀lú ìbéèrè, oṣù kan ti lọ nìyẹn.

Fóònù àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kò ní kọjá géètì. Ẹ mú ẹnì kejì dání tí yóò máa kọ̀wé bí ẹ ti ń bèèrè, ẹ sì jókòó tẹ gbogbo rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ ka bírò tí ẹ mú wọlé, kí ẹ sì kà á jáde.

Nípa iye èèyàn tí ẹ ó bi léèrè, gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló fẹ́ràn ìlànà Taro Yamane. Ká ní ọgbà kan ní èèyàn 900, tí ẹ sì fàyè gba àṣìṣe 0.05: 900 lọ́nà 0.0025 jẹ́ 2.25, ẹ fi 1 kún un, ó di 3.25, 900 tí a fi 3.25 pín jẹ́ 276.9, ìyẹn 277. Bí 600 nínú wọn bá ń retí ìdájọ́, tí 300 sì ti gba tiwọn, ẹ pín in ní 185 àti 92. Ẹ tẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e fún èyí tí kò ní padà wá, ó di 305. Ìwé ojú-ewé mẹ́rin mẹ́rin jẹ́ 1,220 ojú-ewé lọ́dọ̀ onífótókọ́pì.

Ìṣirò yẹn dára, ṣùgbọ́n kò níye lórí bí àṣàyàn bá ti bàjẹ́. Bí ẹ bá ní kí òṣìṣẹ́ ọgbà "bá yín wá èèyàn 277", àwọn tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ọgbà àtàwọn tó ń sáré jẹ́ iṣẹ́ fún ọ́fíìsì ni wọn yóò kó wá, gbogbo wọn á sì sọ pé oúnjẹ dùn. Ẹ ní kí wọ́n fi rẹ́jísítà hàn yín, kí ẹ sì máa mú ẹni kẹta-kẹta. Ẹ má lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí ilé-ẹjọ́ ń jókòó, àwọn tó ń retí ìdájọ́ ti wọ ọkọ̀ jáde. Ẹ má sì lọ ní ọ̀sán Jímọ̀.

Èdè tún wà. Ìwé ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣiṣẹ́ ní Kánò tàbí Kàdúná. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ padà, kí ẹ wá fi wé ara wọn. Ọ̀pọ̀ ló sì wà níbẹ̀ tí kò lè ka Hausa tí a fi ABD kọ, tó jẹ́ pé Ajami, Hausa tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, ló ń kà dáadáa. Ẹ tẹ ẹ̀dà ti Ajami tàbí kí ẹ kà á sí wọn létí. Ògbufọ̀ yín kò gbọdọ̀ jẹ́ wọ́dà. Ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́dà ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa wọ́dà, kí lẹ rò pé yóò sọ?

Ẹ má bi ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́ pé ṣé ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí lè di ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ìwádìí bá kan ìlera, bí ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí HIV, ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí ìlera tún kún un, àkókò tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀.

Ẹni tí kò bá rí àṣẹ gbà lásìkò ṣì lè ṣe iṣẹ́ gidi láti inú fáìlì ẹjọ́ tó ti parí ní ilé-ẹjọ́ májísíréètì: ọjọ́ ìmúni, ọjọ́ ìfẹ̀sùnkàn, iye ìgbà tí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú àti ìdí rẹ̀, ọjọ́ ìdájọ́, irú ìjìyà. Fáìlì 150 tí ẹ kà dáadáa sàn ju ìwé ìbéèrè 277 tí ẹnì kan jókòó sí ilé fi bírò méjì kún lọ. Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò mọ irú rẹ̀, nítorí pé ìdáhùn gbogbo èèyàn á bára mu jù.

Ní ti alábòójútó, ẹ bèèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kí ẹ sì bi àwọn tó wà níwájú yín bí ó ṣe ń pẹ́ tó kó tó dá orí kan padà. Èyí níye lórí ju àwọn oyè iwájú orúkọ rẹ̀ lọ.

Ìwé tí ẹ ó kó jọ

Transcript ló máa ń pẹ́ jù, torí pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti jáde ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ìwé-ẹ̀rí, NYSC tàbí ìwé ìyọ̀ǹda rẹ̀, WAEC tó pé, lẹ́tà ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó ní HND tàbí third class yóò sábà kọ́kọ́ gba PGD (díplómà tí wọ́n ń ṣe ṣáájú másítà) kọjá. Bí orúkọ yín lórí ìwé-ẹ̀rí kò bá bá ti NIN mu nítorí ìgbéyàwó tàbí àmì kan ṣoṣo, ẹ tún un ṣe nísinsìnyí.

Ta ló tó owó rẹ̀ fún?

Lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ ọ̀daràn yóò jèrè M.Sc. ojoojúmọ́ ní ẹ̀ka Sociology ju LL.M. lọ, nítorí òfin ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìṣirò àti ọ̀nà ìwádìí ni kò mọ̀. Òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú lè yan NOUN tàbí ti òkèèrè, torí pé ó ti ní ọ̀nà wọ ọgbà. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ìwádìí ẹjọ́, LL.M. yóò wúlò fún un bí ó bá ti ní oyè àkọ́kọ́ nínú òfin.

Wọ́dà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ìrònú jù. Bí ó bá fẹ́ lọ sí apá ìta àhámọ́, kó máa kọ ìròyìn fún adájọ́ kó sì máa ṣọ́ àwọn tó wà lórí iṣẹ́ ìlú, kó lọ; ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni iṣẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ìràwọ̀ èjìká ló ń kà, másítà kò fi ọ̀kan kún un fúnra rẹ̀. Ìgbéga wà lọ́wọ́ CDCFIB, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà àtúnṣe, ìdánwò àti àyè tó ṣí sílẹ̀ ló sì ń pinnu rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ múra ìdánwò yẹn, kó sì ra fọ́ọ̀mù másítà lọ́dún tó tẹ̀ lé e.